Àgbá Kẹjọ àti Oorun Ọ̀sán Àǹtí Lua

Bí irọ́ kan ṣoṣo bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí kọfí tó wà lọ́wọ́ mi yìí di omi iyọ̀ lẹ́nu mi, kí alùpùpù mi má sì ṣiṣẹ́ mọ́ títí ọdún á fi yí. Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín, àmọ́ òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ẹ ṣáà mọ ilé iṣẹ́ oògùn edé tó wà lẹ́yìn afárá lọ́hùn-ún, èyí tí ògiri ẹ̀ funfun tẹ́lẹ̀ kó tó wá di àwọ̀ tíì. Èmi ni mo ń wakọ̀ fún wọn. Ohun tí ojú mi ò rí níbẹ̀, etí mi gbọ́ ọ. Ohun tí etí mi ò gbọ́, Phuoc tó ń fọ àgbá ló sọ ọ́ fún mi, Phuoc ò sì lè purọ́, orí ẹ̀ ò gbé e.

Ọ̀rọ̀ Thoa ni. Thoa ni ọ̀gá ibi tí wọ́n ti ń ṣe oògùn náà gan-an. Obìnrin kúkúrú kan báyìí, ó máa ń yára rìn débi pé òjìji ẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró de òun. Inú ìfun edé ló ti rí kòkòrò kan tí ojú lásán ò lè rí, nínú adágún bàbá ẹ̀ ní Bac Lieu, lọ́dún tí àrùn pa edé gbogbo àdúgbò tán tó wá ku ti bàbá ẹ̀ nìkan. Kòkòrò rere ni. Tí wọ́n bá pò ó mọ́ oúnjẹ edé, àrùn ò ní lè gbé edé yẹn ṣe. Ọdún márùn-ún gbáko ni Thoa fi ń tọ́jú kòkòrò yìí bí ìkókó. Inú àgbá irin kan ni wọ́n ti ń sìn ín, àgbá tó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Èmi ti gùn ún rí, mo rí Saigon láti orí ẹ̀, mo tún rí ohun tí wọ́n ń sè ní Saigon. Wọ́n á da omi dídùn sínú ẹ̀, ẹ̀rọ kan á máa fẹ́ atẹ́gùn sí i láti ìsàlẹ̀ tọ̀sán-tòru, torí kòkòrò náà ń mí bí èmi àtẹ̀yin. Tó bá fi lè wà láàyè láti Mọ́ńdè di Fúráìdè, ó ti gbó, oògùn ti délẹ̀ nìyẹn.

Kì í dé Fúráìdè. Ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n bá kún àgbá yẹn là ń pè ní àgbá kan. Àgbá àkọ́kọ́ kú lọ́jọ́ Túsìdè. Èkejì kú lọ́jọ́ Wẹ́sìdè. Nígbà tí èkeje fi máa kú, òórùn àgbá ti wọ Thoa lára débi pé ológbò mẹ́tàdínlógún ló ń sìn ín lọ sílé níròlẹ́. Mo kà wọ́n.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ilé iṣẹ́ ṣe sí i. Khiem, ọ̀gá pátápátá, gba Saigon lọ fún ọjọ́ méjì. Wọ́n ní wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀gá níbẹ̀ bí òṣìṣẹ́ á ṣe fẹ́ràn iṣẹ́. Ó gbé ẹ̀kọ́ náà bọ̀ bí ẹni gbé ibà bọ̀, ó sì kó o ràn gbogbo èèyàn. Láti ọjọ́ náà, aago méje àárọ̀, kóówá á ti tò sórí símẹ́ńtì níwájú ilé, wọ́n á na ọwọ́, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á wá kọ orin ilé iṣẹ́. Khiem fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́. Ẹsẹ mẹ́sàn-án ló ní. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ orin yẹn pẹ̀lú irùngbọ̀n tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, ẹ máa tún un fá kí ẹ tó dé ìparí. Lẹ́yìn orin, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sọ ohun kan tó dùn mọ́ ọn nínú iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni Phuoc fi sọ pé omi tí òun fi ń fọ àgbá mọ́ gaara. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Thoa ò ráyè orin. Ó lọ bá Khiem ní ọ́fíìsì.

"Ọ̀gá, ojú ẹ̀rọ tó ń fi bí atẹ́gùn ṣe ń wọnú àgbá hàn ti fọ́ láti ọdún tó kọjá. Mi ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀ tí mi ò bá sí níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe."

Khiem rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn náà, Saigon ló ti rà á bọ̀. "Àbúrò mi, ìṣòro wa kì í ṣe ojú ẹ̀rọ. Ọkàn wa ni ò tíì ṣọ̀kan."

"Ọ̀gá, kòkòrò ò mọ̀ bóyá ọkàn wa ṣọ̀kan."

"Ẹnu á yà ẹ́."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, dípò ojú ẹ̀rọ, ẹ̀wù yẹ́lò ló dé, wọ́n kọ ọ́ sáyà pé ÌDÍLÉ KAN NI WÁ. Thoa gba tiẹ̀. Ó tóbi. Ó fi nu ìdí àgbá.

Inú ìdílé kan náà ni ìwé àṣẹ ti jáde, ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú àgbá kẹjọ, pé nǹkan ò rọgbọ, kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ amúlétutù inú ilé, títí kan ti ọ̀gá pátápátá, kí wọ́n fi ti yàrá àgbá nìkan sílẹ̀, torí bọ́tìnnì inú yàrá yẹn ò fẹ́ ooru. Ẹ mọ ooru wa níhìn-ín. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n pa á, mo rí alángbá kan tó ń fi ewé fẹ́ ara ẹ̀.

"Irọ́ nìyẹn o," lẹ wí. Ó dáa, kì í ṣe ewé. Ìwé ìròyìn ni.

Ọjọ́ Mọ́ńdè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àgbá kẹjọ, Khiem dúró síwájú gbogbo èèyàn lẹ́yìn orin. Ó ní, "Ó dùn mí láti sọ ọ́ o, torí ìdílé ni wá. Tí àgbá yìí bá kú kó tó di Fúráìdè, a máa ti ibi iṣẹ́ Thoa pa. Thoa àtàwọn mẹ́ta tó wà lábẹ́ ẹ̀ á lọ sinmi nílé. A ó sì da kòkòrò náà nù, torí fírísà tí à ń tọ́jú ẹ̀ sí ń jẹ iná jù."

Ó ní kí Thoa wá sọ ohun tó dùn mọ́ ọn lọ́sẹ̀ yẹn. Thoa ní kò tíì sí, àmọ́ tó bá rí i, á sọ.

Thoa ò sùn mọ́. Aago márùn-ún ìdájí ló ti ń dé. Á bu díẹ̀ nínú àgbá, á wò ó lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Láàárọ̀, àwọn kòkòrò yẹn á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí ọmọ tó yó. Tó bá tún wò ó ní aago méjì ọ̀sán, wọ́n á ti rọ pátápátá bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò nímú.

"Phuoc," ó bi í, "kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ níbí lọ́sàn-án tí mi ò bá sí?"

"Kò sí nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n. A máa ń sùn ni."

Òótọ́ sì ni. Aago mọ́kànlá ààbọ̀, tí wọ́n bá ti jẹun tán, wọ́n á pa iná gbogbo ilé, kálukú á tẹ́ ẹní sábẹ́ tábìlì ẹ̀, ó di aago kan. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá jí èèyàn lójú oorun ọ̀sán ní ìlú yìí, ó sàn kó jí ẹran èèyàn. Thoa nìkan ni kì í sùn níbẹ̀, torí bàbá ẹ̀ tí apá kan ti rọ wà nílé, òun ló ń lọ fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Àwọn tó kù kì í sùn jìnnà sí àgbá rárá, ìdí nìyẹn tí Thoa fi fọkàn balẹ̀.

Tọ́sìdè, omi odò kún. Bí Thoa ti gun alùpùpù dé ìsàlẹ̀ afárá, omi ti bo títì, àwọn ọmọ ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èèyàn láti ẹnu ọ̀nà ilé sí ilé ìyàgbẹ́. Mo rí ẹja kan tó dúró de iná pupa. Thoa pe aládùúgbò ẹ̀ lórí fóònù pé kó bá òun fún bàbá lóúnjẹ, ó sì yí padà.

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́, ó dúró. Nǹkan kan ò bójú mu. Ó gbọ́ bí ẹyẹ ṣe ń ké. Ọdún mẹ́ta tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò gbọ́ ẹyẹ rí, torí ariwo ẹ̀rọ atẹ́gùn yẹn kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ èrò ara ẹ̀. Ẹyẹ ń ké. Ẹ̀rọ ti dákẹ́.

Ó sáré wọlé nínú òkùnkùn. Ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ ló kún ilẹ̀, ó ń fo wọ́n bí ẹni ń fo igi tó wó. Phuoc dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá àgbá gan-an, bí olùṣọ́. Ó la ojú kan, ó fi ìka kan ètè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Àǹtí ń sùn."

Thoa fo òun náà kọjá. Inú yàrá àgbá tutù minimini. Lórí ilẹ̀, lórí ẹní olódòdó, nínú aṣọ ìsùn olódòdó, Àǹtí Lua nà gbalaja, ó fi aṣọ dúdú bo ojú, ó ń hanrun. Àǹtí Lua yìí ni àbúrò ìyá Khiem. Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń ṣírò owó. Ilẹ̀ tiẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìdúró láti yá owó ní báńkì kí ilé iṣẹ́ yìí tó lè bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀ tí kò kọ́kọ́ tẹrí ba, Khiem gan-an máa ń dìde tó bá gbọ́ ìró bàtà ẹ̀. Lókè orí ẹ̀, bọ́tìnnì ẹ̀rọ atẹ́gùn wà ní ibi tí wọ́n ti pa á.

Thoa tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rọ yẹn bú. Mo wà ní ọjà Cai Rang lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ ọ, ọ̀pẹ òyìnbó já bọ́ nínú ọkọ̀. Àǹtí Lua fò dìde pẹ̀lú aṣọ dúdú lójú.

"Ta ló kú?" ló ní.

"Kò tíì kú, mà," Thoa fèsì. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ pa ẹ̀rọ yìí?"

"Èmi ni. Ó ń pariwo."

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń pa á?"

"Ìgbà tí wọ́n ti pa amúlétutù yàrá mi. Ó ti tó oṣù mẹ́ta ná? Tí mo bá jí, mo máa ń tàn án padà. Èmi kì í ṣe aláìmoore."

Oṣù mẹ́ta. Àgbá méje. Thoa kà á lórí ìka, ìka ọwọ́ kan ò gbà á. "Kò sì sẹ́nì kan tó sọ fún yín?"

"Mo béèrè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo bi ọmọ yìí pé tí mo bá pa á fún ìgbà díẹ̀, ṣé kò ní ṣe nǹkan kan. Ó ní kò ní ṣe nǹkan kan, mà."

Thoa yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ilé ti jí, wọ́n rọ́ síbẹ̀, ẹní ti fa ilà sí wọn lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Phuoc."

"Ẹ̀gbọ́n."

"O ò mọ̀ pé tí atẹ́gùn bá dúró, wọ́n á kú?"

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Kí ló wá dé tó ò sọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, àǹtí ti tẹ́ ẹní nígbà yẹn. Wọ́n ti bọ́ bàtà. Ṣé kí n wá sọ fún ìyá àgbà pé kó ká ẹní ẹ̀?"

Thoa wo àwọn tó kù. "Ta ló tún mọ̀?"

Gbogbo wọn ló mọ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì mọ̀. Obìnrin tó ń gbé oúnjẹ wá láti ìta mọ̀.

"Ẹ jókòó tì mí ní mítíǹgì fún wákàtí mẹ́ta," Thoa wí, ohùn ẹ̀ ti ń lọ sókè, "tí a ń wá ohun tó ń pa àgbá. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Ẹ ní omi ni. Ẹ ní ṣúgà ni. Ìwọ tó o dúró níbẹ̀ yẹn, o ní bóyá ojú burúkú ni."

"Àǹtí wà ní mítíǹgì náà, ẹ̀gbọ́n," ni obìnrin tó sọ ọ̀rọ̀ ojú burúkú fèsì jẹ́ẹ́jẹ́. "Iwájú ni wọ́n jókòó sí. Báwo la ṣe fẹ́ sọ ọ́ lójú wọn? A tún rò pé ẹ̀yin náà mọ̀, pé ẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún wọn ni."

Ní aago méjì, Khiem ránṣẹ́ pe Thoa.

"Mo gbọ́ pé o jí àǹtí lójú oorun."

"Mo jí wọn, ọ̀gá. Àgbá ń kú lọ."

"Mo gbọ́. Àmọ́ àṣà wa níbí, à ń bọ̀wọ̀ fún ara wa. Lọ bẹ àǹtí."

"Tí mo bá bẹ̀ wọ́n, ṣé ẹ máa ní kí wọ́n má sùn níbẹ̀ lọ́la?"

Khiem wo àjà. Àfi bíi pé wọ́n kọ ìdáhùn sí i. "A máa yan ìgbìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ oorun. Tó bá máa fi di oṣù tó ń bọ̀—"

"Ọ̀la ni Fúráìdè, ọ̀gá."

"Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó o tètè lọ bẹ̀ wọ́n."

Ó lọ. Ó tẹrí ba, ó ní àǹtí ẹ má bínú. Àǹtí Lua ò gbójú sókè nínú ìwé tó ń kọ. "Mo ti gbọ́," ló sọ. Thoa dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó gbá ògiri nípàá kan. Ògiri yẹn ṣì ní ihò títí dòní, alùpùpù lè gba ibẹ̀ kọjá.

Wákàtí kan tí ẹ̀rọ fi dákẹ́ lọ́jọ́ Tọ́sìdè yẹn ti ba nǹkan jẹ́. Nígbà tí Thoa wò ó lábẹ́ awò, ìdajì kòkòrò ló ṣì ń rìn. Tí ẹ̀rọ bá tún dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ti parí.

Fúráìdè, aago mọ́kànlá ààbọ̀, wọ́n pa iná. Thoa ti bẹ aládùúgbò nípa bàbá ẹ̀. Ó dúró nínú yàrá àgbá, ó fẹ̀yìn ti bọ́tìnnì. Níta, gbogbo èèyàn ti dùbúlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó di ojú. Kò pẹ́, wọ́n gbọ́ bàtà. Àǹtí Lua wọlé, òun àti ẹní ẹ̀. Ó wo Thoa láti òkè délẹ̀, ó tẹ́ ẹní, ó dùbúlẹ̀, ó fi aṣọ dúdú bo ojú. Ẹ̀rọ ń bú. Ó yí sápá ọ̀tún. Ẹ̀rọ ń bú. Ó yí sápá òsì, ó fi ìrọ̀rí di etí. Eyín inú ẹnu ẹ̀ ń jó. Nígbà tó yá, ó jókòó.

"Thoa."

"Mà."

"Tí mo bá ní kó o pa á, ṣé wàá pa á?"

Phuoc sọ fún mi pé òun ò mí níbi tóun wà. Thoa ronú kan àwọn mẹ́ta tó wà lábẹ́ ẹ̀, ó ronú kan bàbá ẹ̀ àti adágún Bac Lieu. Lójijì, ó sú u. Orin sú u, ẹ̀wù yẹ́lò sú u, bẹ́ẹ̀ ni mà, bẹ́ẹ̀ ni sà, gbogbo ẹ̀ sú u pátá.

"Rárá, mà," ló wí. "Mi ò ní pa á. Ẹ̀yin lẹ sì ń pa àgbá wọ̀nyí láti oṣù mẹ́ta. Ẹ̀yin àti oorun yín. Kì í ṣe omi, kì í ṣe ṣúgà."

Àǹtí Lua bọ́ aṣọ ojú kúrò. Ó wo àgbá.

"Méje?"

"Méje, mà."

"Ilẹ̀ mi ló wà nínú àgbá yìí, ṣó o mọ̀? Ilẹ̀ tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi. Mo wá ń dùbúlẹ̀ síbí lójoojúmọ́, mo ń fún un lọ́rùn." Ó bẹ̀rẹ̀ sí ká ẹní. "Ọgọ́ta èèyàn nínú ilé kan. Ọgọ́ta. Gbogbo wọn ń kí mi láàárọ̀, kò sì sí ẹyọ kan tó lè sọ pé ìyá, gba ibòmíì lọ. Ṣé mo máa ń bu èèyàn jẹ ni?"

Níta, gbogbo wọn yára di ojú. Wọ́n ń sùn.

"Ó dáa. Níbo ló tún tutù nínú ilé yìí? Torí mi ò lè sùn nínú ooru, mi ò sì ní purọ́ fún yín."

Thoa ò mọ̀. Ohùn Phuoc ló jáde láti ilẹ̀. "Yàrá ọ̀gá, mà."

"Khiem ní òun ti pa tòun."

"Wọn ò pa á, mà. Èmi ni mò ń da omi tó ń kán látinú ẹ̀ nù."

Àǹtí Lua gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Gbogbo ilé dìde tẹ̀ lé e ní ìyọ́kẹ́lẹ́. Ó ṣílẹ̀kùn. Òtútù tó jáde níbẹ̀, ẹni méjì sín lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní wọ́n rí pẹ́ńgúìnì kan, ẹyẹ ilẹ̀ òtútù, tó ń to fáìlì. Khiem wà lórí àga gígùn, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ara dé àgbọ̀n.

"Dìde, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi," Àǹtí Lua wí. "Ìdílé kan ni wá. Bọ́ sí ìsàlẹ̀."

Kí ni Khiem fẹ́ sọ? Ó dìde. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó kó bùláńkẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ó lọ dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àgbá tó ń bú, ìka kan nínú etí kọ̀ọ̀kan. Thoa kò kúrò nídìí bọ́tìnnì.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Thoa bu oògùn, ó wò ó. Ó tún un wò. Ó pe Phuoc pé kó wá wò ó. Gbogbo ẹ̀ ló ń rìn. Àgbá kẹjọ yè. Thoa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún. Ó kàn jókòó bí ẹni tó gbé àpò ìrẹsì kọjá afárá.

Mọ́ńdè, lẹ́yìn orin, Khiem jáde síwájú pẹ̀lú ẹ̀rín Saigon. Ó ní kí wọ́n wo ohun tí ìṣọ̀kan ọkàn lè ṣe. Ó ní orin ló ṣe é, òun sì ti fi ẹsẹ kẹwàá kún un.

"Khiem," Àǹtí Lua wí láti iwájú, "oorun mi ló ń pa wọ́n. Thoa ló lé mi."

"Ẹ ṣé, àǹtí," Khiem dáhùn, "ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀ tí orin wa ti gbìn sí wọn lọ́kàn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Khiem fi Thoa ṣe alága ìgbìmọ̀ oorun, ó sì bi í pé kí ló dùn mọ́ ọn lọ́sẹ̀ yẹn.

"Ojú ẹ̀rọ, ọ̀gá," ni Thoa wí. "Tí ẹ bá tún un ṣe, á dùn mọ́ mi."

Wọ́n fún un ní ẹ̀wù míì. Èyí kéré.

Àmọ́ wọn ò ti ibi iṣẹ́ ẹ̀ pa, kò sì sẹ́ni tó lọ sinmi nílé. Thoa padà sídìí àgbá, òun àtàwọn mẹ́ta ẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìkẹsàn-án, ẹ̀rọ ń bú. Oògùn tó jáde nínú ìkẹjọ, èmi ni mo gbé e lọ sí Bac Lieu. Wọ́n da ṣíbí kan ṣoṣo sí adágún bàbá ẹ̀. Kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, edé ibẹ̀ ti tó màlúù. Ọ̀kan nínú wọn ló wọ́ ọkọ̀ mi jáde nínú ẹrẹ̀. Mo ní kí n san nǹkan fún un, ó ní rárá, kí n ṣáà bá òun kí—

"Ìwọ awakọ̀ yìí, gbéra ńlẹ̀."

"Ẹ gba ife lọ́wọ́ ẹ̀. Máa lọ sílé."

"Máa lọ sílé, jọ̀ọ́, ilẹ̀ ti ń ṣú."